Iná Inú Àdògán

Iná tí ń bá ni se oúnjẹ lè pa ni. Ní Fìdítì àti Ìlọrà, àdògán kò tí ì kúrò ní ẹ̀yìnkùlé. Èédú ni àwọn kan ń dá sí i. Àwọn mìíràn ń lo lẹ́búlẹ́bú igi láti ilé ìlapákó. Wọn á lu ihò sí ìsàlẹ̀ agolo ńlá, wọn á gbé ìgò sí àárín rẹ̀, wọn á kì lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ yí i ká títí yóò fi le, wọn á sì rọra yọ ìgò náà, kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà gbà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, èéfín tí a fi ojú rí nìkan kọ́ ni ó burú. Bí èédú bá pọ́n fòò tí kò sì rú mọ́, afẹ́fẹ́ olóró tí à ń pè ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì ṣì ń ti inú rẹ̀ jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ipò afẹ́fẹ́ rere ni ó ń gbà nínú ẹ̀jẹ̀. Orí á fọ́ni, òòyì á kọ́ni, èébì á máa gbéni. Ẹni tí ó bá sùn lọ lè má jí mọ́. Bí àmì wọ̀nyí bá dé, ẹ tètè jáde sí gbangba, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Nítorí náà, bí ó ti wù kí ọyẹ́ mú tó, ẹ má ṣe gbé àdògán wọ yàrá. Ẹ má ṣe da epo òyìnbó sí iná tí ń jó lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. A kì í fi í sí ẹ̀gbẹ́ ẹní sùn pẹ̀lú.