Wọ́ṣà Bàbà Kékeré Tó Fẹ́ Ba Ẹ́ńjìnnì Bàámi Jẹ́

Lónìí, bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ la fẹ́ ṣí.

Bàámi ní bọ́ọ̀sì akẹ́rù àtijọ́ kan tó ń lo dísù, èyí tí àwọn awakọ̀ wa ń pè ní gáàsì. Òun ni wọ́n fi ń kó ata, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀gẹ́ láti àwọn abúlé tó yí Lálúpọn ká, ní Lágelú, lọ sí ọjà Bódìjà. Owó ọkọ̀ yẹn ló rán mi lọ sí yunifásítì, òun náà ló sì ń gbọ́ apá kan nínú bùkátà másítà tí mò ń ṣe nínú fíísíìsì. Torí náà, nígbà tí Bàámi pè mí lọ́jọ́ Ẹtì kan pé mẹkáníìkì ní ẹ́ńjìnnì ti kú, pé kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, àyà mi já.

Mo délé láàárọ̀ Sátidé. Mo ní, "Bàámi, ẹ bá mi sítáàtì ẹ̀, kí n gbọ́ ohùn ẹ̀." Ó pẹ́ kó tó sítáàtì. Nígbà tó gbà, mo gbọ́ "fù-fù-fù-fù" lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ìgbà tí èèyàn ń fẹ́ná. Òórùn èéfín gba iwájú ọkọ̀ kan, níbi tí Bàámi ń jókòó sí. Wọ́n ní ó ti tó oṣù méjì tí orí ti ń fọ́ àwọn bí àwọn bá ti Bódìjà dé, àwọn rò pé oòrùn ni.

A pa ẹ́ńjìnnì, a jẹ́ kó tutù, mo wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Nǹkan dúdú kan tó le, tó dà bí ọ̀dà gbígbẹ, ti lẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀kan nínú nọ́sù mẹ́rin. Mẹ́ta yòókù mọ́. Mo ní, "Bàámi, ẹ́ńjìnnì yìí ò tíì kú. Ó ń jò ni."

Iṣẹ́ wo ni nọ́sù ń ṣe?

Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù ní pílọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Ti dísù ò ní. Ẹ rántí bí ìdí pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń gbóná tẹ́ ẹ bá ń fi fẹ́ táyà. Afẹ́fẹ́ tá a bá fún pọ̀ kíákíá máa ń gbóná. Ohun tí Rudolf Diesel, ará Jámánì, gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé nìyẹn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́dún 1897. Nínú irú ẹ́ńjìnnì ti Bàámi, písítìnì á fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí tí àyè tó gbà á fi máa kù bí ìdá 1 nínú 20. Ooru rẹ̀ á ti kọjá 500°C. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bíi 210 sí 250°C ti tó fún dísù láti gbaná fúnra rẹ̀. Nọ́sù, tí ìwé ń pè ní injector, ló ń fọ́n dísù bí ìrì sínú afẹ́fẹ́ gbígbóná yẹn. Ojú ẹsẹ̀ ló máa gbaná.

Inú ihò kan lára tọ́ọ̀pù sílíńdà ni nọ́sù ń jókòó sí. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́ṣà bàbà kan wà, tí kò tóbi ju owó ẹyọ lọ. (Ẹ fi ohùn pè é dáadáa o: bàbà ni, kì í ṣe bàbá.) Nígbà tí dísù bá gbaná, agbára tó ń ti wọ́ṣà yẹn lè ju 60 ìlọ́po ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká lọ. Táyà ọkọ̀ kékeré ò ju bíi 2 lọ. Tí wọ́ṣà bá gba afẹ́fẹ́ láàyè bó ti wù kó kéré mọ, èéfín gbígbóná á máa já síta. "Fù-fù" tí mo gbọ́ nìyẹn. Èéfín yẹn á gbé èédú àti dísù tí ò jó tán dání, wọ́n á sì yan gbẹ sára irin. Ọ̀dà dúdú nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gbóná nínú sílíńdà sì ti ń sá lọ, ìdí nìyí tí ọkọ̀ ò fi ń tètè sítáàtì láàárọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ pẹ́, èéfín á jẹ irin tí nọ́sù jókòó lé, ọ̀dà náà á sì di nọ́sù mú débi tí kò ní ṣe é yọ. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń di tọ́ọ̀pù sílíńdà tuntun.

Kí ló dé tó jẹ́ bàbà?

Torí pé bàbà rọ̀. Tá a bá de nọ́sù mọ́lẹ̀, wọ́ṣà á tẹ́ díẹ̀, á sì dí gbogbo ojú ibi tó ha. Àwọn átọ́ọ̀mù inú bàbà tò ní ìlà-ìlà, àmọ́ àléébù wà nínú ìlà náà. Àléébù yẹn ló ń rìn nígbà tá a bá tẹ bàbà, òun ló ń jẹ́ kó gbà fún wa. Ṣùgbọ́n bá a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni àléébù ń pọ̀ sí i, títí wọ́n á fi lọ́ mọ́ra bí òwú. Bàbà á wá le.

Ẹ dán an wò nílé. Ẹ mú wáyà bàbà tí iná ò sí lára rẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ nà án, kẹ́ ẹ tún un tẹ̀ lójú kan náà. Ẹ máa rí i pé ó ń le sí i, lẹ́yìn náà á kán. Wọ́ṣà tí wọ́n ti dè mọ́lẹ̀ rí náà ti le báyẹn. Tẹ́ ẹ bá dá a padà, kò ní lè dí ojú ibi tuntun. Tí wọ́n bá fi iná yan bàbà títí tó fi pọ́n, á tún rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́ṣà tuntun ò wọ́n débi tá a fi máa dán ìyẹn wò.

Bá a ṣe tún un ṣe

A kọ́kọ́ dán an wò bí ẹni tó ń lẹ táyà ṣe máa ń ṣe. A da omi ọṣẹ sí ìdí nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, a wá sítáàtì rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń hó. Tó bá jẹ́ pé dísù tútù lẹ rí lórí nọ́sù, tí ò sí ọ̀dà, ó lè jẹ́ rọ́bà tó ń dá dísù padà sí táńkì ló ń jò. Ìyẹn rọrùn ju èyí lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fìka wá ibi tí dísù ti ń jò tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Dísù tó ń jáde pẹ̀lú agbára lè gún awọ wọlé. Ojú rẹ̀ á dà bí ibi tí abẹ́rẹ́ gún, ó lè má dunni púpọ̀, àmọ́ ó ń ba ẹran ara jẹ́ nínú. Ilé ìwòsàn ni wákàtí yẹn gan-an, ẹ má dúró dọ̀la.

Ọ̀gá mẹkáníìkì àgbàlagbà kan ní Ìyànà Ọfà ló bá wa ṣe é. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì nu ìdí nọ́sù kí ìdọ̀tí má bàa já sínú sílíńdà. Wọ́n fi ọ́ìlì rin ín mọ́jú. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, wọ́n tan iná sínú ihò, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wò ó." Wọ́ṣà méjì ló wà níbẹ̀! Ẹni tó ṣe é kẹ́yìn ò yọ ti àtijọ́, ó kàn gbé tuntun lé e lórí. Bí wọ́ṣà bá nípọn jù, nọ́sù á ga jù, ibi tí dísù ń fọ́n sí á yí padà, kò sì ní jókòó dáadáa.

Mo sáré lọ sí Arárọ̀mí ní Gate, mo mú nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì dání, mo ra wọ́ṣà mẹ́rin tí ìnípọn wọn bá a mu. Ọ̀gá nu ojú irin títí tó fi dán, wọ́n sì fi sípánà tó ń ka agbára dè é dé iye tí ìwé ọkọ̀ sọ. Ẹ má rò pé àdèjù ló dáa. Ó lè já bóòtù tàbí kó tẹ nọ́sù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kílẹ̀ tó mọ́, àwọn ìyá aláta ti to apẹ̀rẹ̀ wọn kún bọ́ọ̀sì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbà kó tó sítáàtì. Kò sí "fù-fù" mọ́, orí ò sì fọ́ Bàámi lọ́jọ́ yẹn. Owó wọ́ṣà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò tó owó apẹ̀rẹ̀ ata kan.

Kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnnì tí ò tètè sítáàtì ni wọ́ṣà ń dà láàmú o. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó gbà pé ẹ́ńjìnnì yín ti kú, ẹ kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí nọ́sù.