Ọba Jọ́dánì: Ta Ló Lè Sọ fún Un Pé Rárá?

Ìbéèrè

Peckham ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe. Ọmọ mi ọkùnrin ń kọ́ èdè Lárúbáwá ní yunifásítì, wọ́n sì ti sọ fún un pé Amman ní ilẹ̀ Jọ́dánì ni yóò ti lo ọdún kẹta rẹ̀. Nígbà tí mo dárúkọ ibẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣerun ní Rye Lane, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan ní ọba wọn dà bíi Charles, pé adé àti ayẹyẹ lásán ni. Èkejì ní rárá o, bí Aláàfin ayé àtijọ́ ló rí, kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò. Ọmọ mi ní wọ́n ní ìwé òfin, wọ́n sì ń dìbò. Ta ni ká gbà gbọ́ nínú wọn? Ṣé kò sì ní léwu fún ọmọ tí kì í lè pa ẹnu mọ́?

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Peckham

Ìdáhùn

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Á lọ ire, á bọ̀ ire. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ yín ló sún mọ́ òótọ́ jù, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì parí. Tí mo bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ ọlọ́ba kan ṣe rí, ohun méjì ni mo máa ń bèèrè: ta ló lè sọ fún ọba pé rárá, ta ló sì fi ẹni yẹn sípò?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti Charles kúrò nílẹ̀. Òfin tí ilé aṣòfin Westminster bá ṣe, ọba á fọwọ́ sí i. Ọbabìnrin Anne ló kọ̀ kẹ́yìn, ní 1708. Àwọn aṣòfin ló ń gbé olóòtú ìjọba ró, àwọn ará ìlú ló sì ń yan àwọn aṣòfin. Àní ẹni tó di ìwé ìrìnnà Nàìjíríà mú, tó ń gbé ní Peckham lọ́nà òfin, lè dìbò náà. Ti Jọ́dánì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọba Abdullah Kejì, tó gorí ìtẹ́ ní 1999, ló ń yan olóòtú ìjọba, òun náà ló ń yọ ọ́. Òun ló ń yan gbogbo ọmọ ilé aṣòfin àgbà. Ilé aṣojú, tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ 138, ni ti àwọn olùdìbò. Ọba lè tú ilé méjèèjì ká. Láti 2016, kò nílò ìbuwọ́lù mínísítà kankan kó tó yan olórí ọmọ ogun tàbí olórí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní September 2024. Ọjọ́ 10 ni wọ́n dìbò. Ẹgbẹ́ Islamic Action Front ló kó ìjókòó tó pọ̀ jù láàárín àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú, wọ́n mú 31. Nígbà tó di ọjọ́ 15, ọba mú Jafar Hassan, tó jẹ́ olórí ọ́fíìsì òun fúnra rẹ̀ láàfin, ó ní kó wá ṣe olóòtú ìjọba. Kò sí òfin kankan tó rú, nítorí ìwé òfin wọn kò sọ níbì kankan pé ẹgbẹ́ tó bá ṣáájú ló ni ipò náà.

Nítorí náà, ayẹyẹ lásán kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kò sẹ́ni tó lè yẹ ọba náà lọ́wọ́ wò, ó jọ pé kò tíì gbọ́ ìtàn Talal.

Ìjọba Jọ́dánì kì í ṣe ti àtayébáyé. Ní 1921 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ilẹ̀ tó wà ní ìlà-oòrùn odò Jọ́dánì lé Abdullah lọ́wọ́, ọmọ Hussein tó jẹ́ olórí Mẹ́kà. Ọ́fíìsì kan náà tó ń darí Nàìjíríà láti Lọ́ńdọ́nù ló ń darí ibẹ̀. Wọ́n gba òmìnira ní ọjọ́ 25 oṣù May 1946, Abdullah sì di ọba. Ní July 1951, wọ́n yìnbọn pa á ní mọ́ṣáláṣí al-Aqsa ní Jerúsálẹ́mù. Talal ọmọ rẹ̀ ló jọba tẹ̀ lé e, kò sì pẹ́ lórí oyè tó fi fọwọ́ sí ìwé òfin tuntun ní January 1952. Ìwé yẹn ni wọ́n ṣì ń lò dòní, bí wọ́n tilẹ̀ ti tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ní kí ìjọba máa jíhìn níwájú ilé aṣojú. Ó sì tún sọ, nínú abala 28, pé bí àìsàn ọpọlọ kò bá jẹ́ kí ọba lè ṣiṣẹ́ mọ́, kí àwọn mínísítà pe ilé méjèèjì jọ, kí àwọn aṣòfin sì rọ̀ ọ́ lóyè.

Ara Talal fúnra rẹ̀ kò yá. Ní ọjọ́ 11 oṣù August ọdún kan náà, àwọn aṣòfin jókòó, wọ́n gbọ́ ìròyìn àwọn dókítà, wọ́n sì fi ìwé òfin tí ọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù rọ̀ ọ́ lóyè. Talal gbà, kò bá wọn jà. Lọ́jọ́ kejì, ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú Lausanne, òṣìṣẹ́ kan gbé lẹ́tà wá fún Hussein, àrẹ̀mọ Talal, ọmọ ọdún 16. Wọ́n ti kọ ọ́ sẹ́yìn àpò ìwé náà pé Kábíyèsí Ọba Hussein ló ni ín. Kò tíì ṣí i tó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn adelé ló di ìjọba mú fún un títí di May 1953. Bàbá rẹ̀ gbé ní Istanbul títí ó fi kú ní 1972.

Èyí ló mú mi rántí Ọ̀yọ́. Ẹni tó fi Aláàfin ṣe àpẹẹrẹ ọba tí kò sẹ́ni tó lè bi í léèrè gbàgbé àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè méje. Olúkúlùkù wọn ní ìdílé tó ti jẹ oyè wá, Aláàfin kò lè lé wọn kó fi ọmọ ẹ̀yìn tirẹ̀ rọ́pò. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, Baṣọ̀run, olórí wọn, á fi igbá ránṣẹ́ sí i, bó bá ti ṣí i, ó mọ̀ pé ikú ló kàn. Agbára náà léwu, àwa náà rí i: Baṣọ̀run Gáà fi ṣe ọ̀pọ̀ Aláàfin báṣubàṣu kí Abíọ́dún tó ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Síbẹ̀, lójú tèmi, ẹnu àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì gbà ju ti ilé aṣòfin àgbà Amman lọ, nítorí ọba kọ́ ló bu oyè fún wọn jẹ.

Ti ilé aṣojú ńkọ́, àwọn tí ará ìlú yàn? Àwọn ni wọ́n ti dán an wò. Lẹ́yìn ìdìbò October 1956, Sulayman Nabulsi di olóòtú ìjọba. Nígbà tó di April 1957, Hussein yọ ọ́, òfin ológun dé, wọ́n fòfin de àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú, ìfòfindè náà kò sì kúrò títí di 1992. Ní 1963, àwọn aṣojú fẹ́ dìbò pé àwọn kò fọkàn tán ìjọba Samir al-Rifai. Samir fipò sílẹ̀, ọba sì tú ilé ká. Láti 1967 títí di 1989, wọn kò ṣe ìdìbò gbogboogbò kankan. Àwọn obìnrin gba ẹ̀tọ́ láti dìbò ní 1974, ọdún 15 ni wọ́n fi dúró kí wọ́n tó lè lò ó nínú irú ìdìbò bẹ́ẹ̀.

Ojú títì ló wá ṣí ọ̀nà. Ní April 1989, epo gbówó lórí, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Ma'an, ó sì tàn kálẹ̀. Olóòtú ìjọba ìgbà náà, Zaid ọmọ Samir al-Rifai, kúrò nípò. Nígbà tó di November, wọ́n dìbò. Ní June 2018 ẹ̀wẹ̀, nítorí owó orí, àwọn èèyàn kún ojú pópó Amman lálaalẹ́ títí Hani Mulki fi kọ̀wé fipò sílẹ̀. Bí inú bá ń bí ará ìlú, olóòtú ìjọba ló ń lọ, ọba á yan òmíràn. Ìyẹn ti jẹ́ kí ìtẹ́ dúró ní agbègbè tí ọ̀pọ̀ ìtẹ́ ti ṣubú, mi ò sì fojú kéré àlàáfíà. Àmọ́ ó dùn mí fún wọn pé ẹni tí wọ́n ń lé kì í ṣe ẹni tí wọ́n yàn, ẹni tó ń rọ́pò rẹ̀ náà kì í ṣe ẹni tí wọ́n yàn.

Nípa ọmọ yín: kó lọ, kó fọkàn balẹ̀, kó kọ́ èdè. Wọ́n á bá a sọ̀rọ̀ nípa owó epo, iṣẹ́ tí kò sí àti Palẹstínì, kó gbọ́, kó bèèrè. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó sọ̀rọ̀ àbùkù sí ọba, ìyàwó rẹ̀ tàbí àrẹ̀mọ. Ẹ̀wọ̀n wà fún un nínú abala 195 ìwé òfin ọ̀daràn wọn, òfin 2023 lórí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì sì tún fún ọrùn àwọn tó ń kọ̀wé sórí Facebook àti X. Kó bi yunifásítì rẹ̀ léèrè ẹni tó máa pè ní Amman bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀, kí ẹ̀yin náà sì ní nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́ kó tó wọ bàálù.