Ọrùn Ọmọ Ní Ń Yan Ọ̀já: Àyẹ̀wò Bí A Ṣe Ń Yan Aṣọ Ìpọnmọ fún Ọmọ Tuntun

Àṣamọ̀

Ọ̀já jẹ́ ohun-èlò pàtàkì nínú ìtọ́jú ọmọ láwùjọ Yorùbá. Lóde òní, oríṣiríṣi àpò ìgbé-ọmọ tí a ń kó wọlé láti òkè-òkun ti dara pọ̀ mọ́ ọn lórí àtẹ. Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò ohun tí ó yẹ kí òbí wò kí ó tó yan èyíkéyìí nínú wọn fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin. Ohun tí ó fi múlẹ̀ ni pé kì í ṣe orúkọ tàbí iye owó ohun-èlò ni ó ń dáàbò bo ọmọ, bí kò ṣe ipò tí ohun-èlò náà fi èémí, ọrùn àti ìbàdí ọmọ sí. Ó sì dábàá bí olùkọ́ Yorùbá ṣe lè fi èyí kọ́ni.

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ìrọ̀rùn tí ọmọ ń jẹ lórí làálàá òbí ni òwe yìí sábà máa ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n ó tún ní ìtumọ̀ kan tí kò fara sin: ẹni tí ó pọn ọmọ ni ó mọ ọ̀nà, òun ni ó sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ lójú ọ̀nà náà. Ọmọ tuntun kò lè sọ pé aṣọ ti fún òun jù. Kò lè gbé orí rẹ̀ kúrò níbi tí èémí kò ti já gaara, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ. Ìdí nìyí tí yíyan aṣọ tí a ó fi gbé e fi ju ọ̀rọ̀ oge lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́, ìbímọ àti ìtọ́jú ọmọ wà lára àṣà tí a ń kọ́ ní kíláàsì Yorùbá. Èkejì, abiyamọ wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ni yóò sì di òbí lọ́jọ́ iwájú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè ka orúkọ aṣọ òkè lẹ́sẹẹsẹ ṣùgbọ́n tí kò mọ ìgbà tí ọmọ tó pọ̀n kò tíì kọ́ àṣà náà tán.

2. Ọ̀já Nínú Àṣà Yorùbá

Ọ̀já ni aṣọ gbọọrọ tí abiyamọ fi ń de ọmọ mọ́ ẹ̀yìn. Kì í dá iṣẹ́ ṣe. Ìró ni abiyamọ kọ́kọ́ ń fi bo ẹ̀yìn ọmọ, tí yóò sì wé e mọ́ àyà ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò gba ọ̀já lé e, tí yóò fi gbé ìdí ọmọ ró, tí yóò sì so ó níwájú. Aṣọ méjì ni ìpọnmọ Yorùbá, nígbà náà: ọ̀kan gba ẹ̀yìn ọmọ, èkejì gbé ìdí rẹ̀.

Òwú ni a fi ń hun ọ̀já àtijọ́. Kíjìpá tí àwọn obìnrin ń hun lórí òfì tí a gbé nàró nípọn, ó sì lágbára. Aṣọ òkè tí àwọn ọkùnrin ń hun ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, bí irú ti Ìsẹ́yìn, ni a ń rán pọ̀ kí ó lè fẹ̀ tó ọ̀já. Aṣọ òwú tí a fi ọwọ́ hun kì í yọ̀. Bí a bá ta á ní kókó, ó máa ń di ara rẹ̀ mú. Ànímọ́ yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ tọ́ka sí ṣáájú àwọ̀ àti ọnà ara aṣọ.

Iyì ọ̀já hàn nínú iṣẹ́ ọnà pẹ̀lú. Abiyamọ tí ó pọn ọmọ wọ́pọ̀ nínú ère igi Yorùbá, títí kan àwọn ère Ẹ̀pà ní Èkìtì. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ó jẹ́ ohun àjogúnbá fún gbogbo ọmọ ènìyàn, ọ̀já àwọn obìnrin wà lára ohun tí àwọn ọkùnrin tí ń jó fi ń múra.

Ìmọ̀ yìí kò dúró sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ann Moore, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà tí ó ṣiṣẹ́ ní Tógò lábẹ́ Peace Corps ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, rí bí àwọn ìyá ibẹ̀ ṣe ń fi aṣọ de ọmọ mọ́ra. Nígbà tí ó padà sílé tí òun náà bímọ, òun àti ìyá rẹ̀ ṣe àpò kan láti fi ṣe irú rẹ̀. Wọ́n gba ìwé àṣẹ olùdásílẹ̀ lórí rẹ̀ ní ọdún 1969, wọ́n sì sọ ọ́ ní Snugli. Kò yẹ, nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni rò pé ohun òyìnbó ni àpò ìgbé-ọmọ, tí ọ̀já sì jẹ́ ohun àtijọ́. Ìbátan ni wọ́n.

3. Ohun Tí Ara Ọmọ Tuntun Ń Béèrè

Ohun mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ wò lára ọmọ tuntun kí a tó wo aṣọ: èémí, ọrùn àti ìbàdí.

Orí ọmọ tuntun tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ara rẹ̀, ọrùn rẹ̀ kò sì tíì lágbára tó láti gbé e. Bí àgbọ̀n ọmọ bá tẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀, ọ̀nà èémí rẹ̀ tí ó tín-ín-rín lè dí. Bí imú àti ẹnu rẹ̀ bá tẹ̀ mọ́ aṣọ tàbí mọ́ ara ẹni tí ó gbé e, kò ní agbára láti yí orí padà. Irú ewu bẹ́ẹ̀ kì í pariwo. Ọmọ lè dákẹ́ bí ẹni tí oorun gbé lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2010, Consumer Product Safety Commission, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó ààbò ọjà, kìlọ̀ fún àwọn òbí lórí àpò aṣọ tí a ń fi kọ́ èjìká. Àjọ náà ń wádìí ikú ọmọ 14, ó kéré tán, láàárín ogún ọdún. 12 nínú wọn kò tíì pé oṣù mẹ́rin.

Ọrùn ni ó tẹ̀ lé èémí. Ó sábà máa ń tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kí ọmọ tó lè gbé orí ara rẹ̀ dúró dáadáa. Kí ó tó di ìgbà náà, ọmọ tí ó wà lẹ́yìn wà níbi tí ojú ìyá rẹ̀ kò tó.

Ẹ̀kẹta ni ìbàdí. Oríkèé tí egungun itan fi wọ ìbàdí kò tíì le nígbà tí a bímọ. Bí a bá na ẹsẹ̀ ọmọ gbọọrọ tí a sì dì í pọ̀ fún ìgbà pípẹ́, orí egungun náà lè yẹ̀ kúrò ní ààyè rẹ̀. Ní Japan, láti ọdún 1975, a kọ́ àwọn ìyá láti jáwọ́ nínú nína ẹsẹ̀ ọmọ tuntun bẹ́ẹ̀, iye ọmọ tí ìbàdí wọn ń yẹ̀ sì dín kù gidigidi. Bí ọmọ ṣe ń wà nínú ọ̀já yàtọ̀: ẹsẹ̀ rẹ̀ yà, orúnkún rẹ̀ ká sókè bí ti ọ̀pọ̀lọ́ tí ó lóṣòó. Ìwádìí kan láti Màláwì, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2015, so bí àrùn ìbàdí yíyẹ̀ ṣe ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ mọ́ àṣà ìpọnmọ. Ipò kan náà ni International Hip Dysplasia Institute ń dámọ̀ràn fún àpò ìgbé-ọmọ lónìí. Ohun tí àwọn ìyá àgbà fi ọwọ́ mọ̀ ni àwọn oníṣègùn ń fi ìwádìí sọ.

4. Àyà Ṣáájú Ẹ̀yìn

Ìkìlọ̀ wọ̀nyí kò ní kí a tẹ́ ọmọ sílẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ní ọdún 1986, Hunziker àti Barr tẹ ìwádìí kan jáde láti Montréal ní Kánádà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹkún àwọn ọmọ tí òbí wọn fi kún àkókò tí wọ́n ń gbé wọn fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn yòókù.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ wá láti ara àwọn ọmọ tí a bí láìpé ọjọ́ tàbí tí wọn kò wúwo tó. Ní ọdún 1978 ni àwọn dókítà ní Bogotá, ní ilẹ̀ Kòlóńbíà, bẹ̀rẹ̀ sí í de irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ àyà ìyá, ara kan ara. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ ní Gánà, Íńdíà, Màláwì, Nàìjíríà àti Tànsáníà. Ilé-Ifẹ̀ wà lára àwọn ibi tí a ti ṣe é. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2021: níbi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú náà kété lẹ́yìn ìbí, ikú láàárín ọjọ́ 28 jẹ́ ìdá 12.0 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi tí a ti dúró kí ara ọmọ kọ́kọ́ balẹ̀, ó jẹ́ ìdá 15.7. Àyà, nígbà náà, ni ààyè àkọ́kọ́ fún ọmọ tuntun. Ẹ̀yìn ń bọ̀ wá kàn.

5. Irú Aṣọ àti Àpò, àti Òṣùwọ̀n Yíyàn

Aṣọ gígùn tí a ń wé mọ́ àyà, tí ó tó mítà mẹ́rin sí márùn-ún, dára fún ọmọ tuntun bí ó bá jẹ́ òwú tí a sì wé e kí ó fún. Aṣọ olórùka tí a ń gbé kọ́ èjìká kan dára bí ọmọ bá dúró ṣánṣán nínú rẹ̀. Àpò onídè gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n ọmọ mu. A sábà máa ń kọ ìwọ̀n tí ó kéré jù sí ara rẹ̀, ó sì yẹ kí a fi wé ìwọ̀n tí ó wà nínú káàdì ìwòsàn ọmọ. Àpò tí ó jìn, tí ọmọ ń ká sí inú rẹ̀ tí ojú rẹ̀ sì pa mọ́, kò yẹ fún ọmọ tuntun rárá. Ọ̀já àti ìró wà fún ẹ̀yìn, ìgbà tí ọrùn ọmọ bá sì gbó ni ìgbà wọn.

Èyíkéyìí tí òbí bá yàn, ó yẹ kí ó yẹ ohun wọ̀nyí wò ní gbogbo ìgbà tí ó bá gbé ọmọ:

(i) kí aṣọ fún tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kò fi ní rọ̀ sísàlẹ̀;
(ii) kí ojú, imú àti ẹnu ọmọ hàn láìsí pé a ṣí aṣọ;
(iii) kí orí ọmọ sún mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu ẹni tí ó gbé e fi lè kàn án;
(iv) kí ìka kan, ó kéré tán, lè wọ àárín àgbọ̀n ọmọ àti àyà rẹ̀;
(v) kí ẹ̀yìn ọmọ ní ìfaratì, kí aṣọ sì gbé itan rẹ̀ láti orúnkún kan dé èkejì.

Aṣọ tí ń yọ̀, bí sílíkì, kò yẹ fún ọ̀já. Ìyá tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò gbọ́dọ̀ so kókó lé ojú ọgbẹ́. Ọmọ tí a bí láìpé ọjọ́, tàbí tí èémí rẹ̀ kò já gaara, nílò ìmọ̀ràn nọ́ọ̀sì kí a tó dè é mọ́ ohunkóhun. Kò yẹ kí a gbé ọmọ tuntun gun ọ̀kadà, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a gbé e sí àyà nídìí iná.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni kí obìnrin tí ó gbé igbá ọjà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ ṣe, nígbà tí kò sí ẹni tí yóò bá a gbé ọmọ. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Bí kò bá lè sinmi, aṣọ tí a wé mọ́ àyà fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì àti orí rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́, ojú rẹ̀ sì wà lára ọmọ. Bíbẹ̀rẹ̀ ni ìṣòro rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ di orí ọmọ mú, kí ó sì fi orúnkún lọ sílẹ̀ dípò kí ó tẹ ẹ̀yìn ba. Ìnira díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

6. Ìlò Rẹ̀ Nínú Kíláàsì

Olùkọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè. Ẹ̀yìn nìkan ni a ń pọn ọmọ sí. Ti àyà àti ti ẹ̀gbẹ́, gbígbé ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ ni “pọ̀n”, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń di àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó jẹ́ àbọ̀: “ó pọn ọmọ”. Níbẹ̀, ó dọ́gba pẹ̀lú ti “ó pọn omi”. Arọ́pò-orúkọ ni ó ń fi ìyàtọ̀ hàn: “ó pọ̀n ọ́n” fún ọmọ, “ó pọn ọ́n” fún omi.

Lẹ́yìn èyí, kí olùkọ́ mú ìró, ọ̀já àti ọmọláńgidi tí a rọ iyanrìn kún tí ó tó kílò mẹ́ta wá. Kí akẹ́kọ̀ọ́, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, dè é mọ́ àyà, kí wọ́n sì fi òṣùwọ̀n márùn-ún òkè yìí yẹ ara wọn wò. A lè pe ìyá àgbà kan àti nọ́ọ̀sì kan wá sí kíláàsì kan náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti pàdé àti ibi tí ó ti yà sílẹ̀.

7. Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ọ̀já ní ìmọ̀ tí ìwádìí òde-òní gbè lẹ́yìn, pàápàá nípa ìbàdí ọmọ, àti pé ìwádìí náà fi ààlà kan sí ìlò rẹ̀: kí ọrùn ọmọ kọ́kọ́ gbó. Olùkọ́ tí ó bá kọ́ni ní ìdajì kan nínú èyí, yálà ìyìn ọ̀já tàbí ìbẹ̀rù rẹ̀, kò ran abiyamọ lọ́wọ́. Ojú ọmọ tí ó hàn, àgbọ̀n tí kò tẹ àyà, itan tí ó yà: ohun mẹ́ta yìí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ mú lọ sílé, kí ó sì kọ́ ẹlòmíràn pẹ̀lú.