Ọ̀nà Òfúrufú láti Perth dé London

Ìlú Perth wà ní etí òkun ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Ọsirélíà. London sì ni olú-ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1919, Ross Smith àti Keith arákùnrin rẹ̀, pẹ̀lú ọkùnrin méjì mìíràn, fò láti ẹ̀bá London dé Darwin ní Ọsirélíà. Ó gbà wọ́n tó ọjọ́ 28. Ní ọdún 1947, ọkọ̀ òfúrufú tí ó ń kó èrò láti Sydney lọ sí London a máa lo nǹkan bí ọjọ́ 4. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún 2018, ọkọ̀ òfúrufú Qantas kan gbéra ní Perth, kò sì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ títí ó fi dé London. Nǹkan bí wákàtí 17 ni.

Báwo ni a ti ń wọn ọ̀nà tí kò ní òkúta ibùsọ̀? Kí olùkàwé mú ọsàn kan, kí ó sàmì sí ibi méjì lára rẹ̀, kí ó sì na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láti ọ̀kan dé èkejì kí ó le dáadáa. Ọ̀nà tí okùn náà bá gbà ni ó kúrú jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ayé rí, nítorí ó rí roboto. Ìwọ̀n náà láti Perth dé London jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 14,500, èyí tí í ṣe máìlì 9,000. Bí a bá fi wákàtí 17 pín in, a ó rí i pé ọkọ̀ náà ń sáré tó kìlómítà 850 ní wákàtí kan.

Àlọ àti àbọ̀ kò dọ́gba. Ní òkè réré, ẹ̀fúùfù líle a máa fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Nítorí náà ẹni tí ń ti London lọ sí Perth sábà máa ń yára dé ju ẹni tí ń bọ̀ wá sí London lọ.

Kí a kíyèsí ọ̀ràn agogo pẹ̀lú. Ní ìgbà òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, agogo Perth fi wákàtí 8 ṣáájú ti London. Bí ọkọ̀ bá gbéra ní Perth ní agogo 7 alẹ́ Sátidé, lẹ́yìn wákàtí 17, ọ̀sán gangan ọjọ́ Ìsinmi ni ní Perth. Ṣùgbọ́n ní London, agogo 4 òwúrọ̀ ni. Ẹni tí ó bá fi ojú agogo nìkan ṣírò yóò rò pé wákàtí 9 péré ni òun fi rìn. Ara rẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Èyí ni ó kan ìlera. Ìjókòó pípẹ́ láìmira a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ lọ́ra nínú ẹsẹ̀. Ó lè dì níbẹ̀, kí ó sì gòkè lọ dí ẹ̀dọ̀ fóóró, èyí tí ó lè pa ènìyàn. Ewu yìí ń pọ̀ sí i bí ìrìn-àjò bá ju wákàtí 4 lọ, ìbáà ṣe nínú ọkọ̀ òfúrufú, ìbáà ṣe nínú ọkọ̀ ilẹ̀. Nítorí náà kí arìnrìn-àjò máa dìde rìn díẹ̀, kí ó máa yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó sì máa mu omi. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tí ó sì ń dùn ún, tàbí bí èémí bá ń há a lẹ́yìn ìrìn-àjò, kí ó tọ dókítà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ọgbọ́n ènìyàn ti sọ ọjọ́ 28 di wákàtí 17. Ṣùgbọ́n ara tí Ọlọ́run dá kò yí padà. Kí a tọ́jú rẹ̀.