Kí Ọwọ́ Rẹ Tó Kan Oògùn Wọn

Ọmọ mi, wọ́n ti fi oògùn àwọn arúgbó lé ọ lọ́wọ́ nílé ìtọ́jú tí o wà nílùú ọba. Jọ̀ọ́, fọ ọwọ́ rẹ kí o tó dé ọ̀dọ̀ Màmá. Tún un fọ̀ kí o tó kan ti Bàbá. Sánítáísà gba ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, ọṣẹ àti omi gba 40 sí 60. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ọṣẹ àti omi ni kí o lò: sánítáísà kì í pa kòkòrò Clostridioides difficile tó lè fa irú ìgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìbọ̀wọ́ kò dípò ọwọ́ fífọ̀. Da hóró oògùn sínú ife kékeré, má fi ìka mú un. Bí Màmá bá fẹ́ fọwọ́ ara wọn gbà á, bá wọn fọ ọwọ́ tiwọn náà.