Ẹ̀ṣọ́ Tí A Bí Mọ́ Wa

Ọlọ́hun kò dá wa láìní ẹ̀ṣọ́. Irun àti ikun imú wa ń mú eruku àti kòkòrò. Èyí tó bá yọ́ wọlé, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ a gbé e mì. Ṣùgbọ́n ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Maiduguri níbí, eruku àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa ba awọ inú imú jẹ́, kòkòrò àrùn yírùnyírùn, tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, a sì ríbi gbà wọlé. Ní 1996, ó pa ju 11,000 ènìyàn lọ ní Nàìjíríà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwọn ọmọ wa. Òun ló ń kọ́ ara láti dá ọ̀tá yìí mọ̀ kó tó dé. Bí ibà bá mú ọmọ, tí ọrùn rẹ̀ sì gan, ká gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ wa, àmín.