ÀGBỌN TÚTÙ ÀTI ÌWÚLÒ RẸ̀

Ẹnuwá ni gbàgede tí ó wà níwájú ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀nà ìlú náà ni ó pàdé níbẹ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ kì í dá níbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, tí àgbàdo titun sì ti jáde, a kì í wá ẹni tí ń ta àgbàdo sísè tì ní irú ibi bẹ́ẹ̀, àgbàdo sísè kì í sì í fẹ́ dá wà láìsí àgbọn. Ẹni tí ń tà á a fi ẹ̀yìn àdá lu ìkaraun, ìkaraun a là, omi inú rẹ̀ a sì dà sílẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé tí ó dúró níbẹ̀ a san owó, a gba ẹ̀là àgbọn, a sì máa jẹ ẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi omi náà lọ̀ ọ́, a mi orí. Wọ́n ti sọ fún un nílé pé omi àgbọn a máa sọ ọmọdé di olódo.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbà tàbí kí ó kọ̀ láìrò ó. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́, ewu ni omi náà jẹ́ fún gbogbo ọmọ tí ń kàwé. Bí kò bá sì jẹ́ òtítọ́, a jẹ́ pé ohun rere ni a ti ń dà sórí ilẹ̀ láti ìran dé ìran. Kí a tó dá ẹjọ́ náà, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àgbọn jẹ́, ibi tí ó ti wá, àti ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ìbátan ọ̀pẹ ni igi àgbọn. Kò ní ẹ̀ka. Imọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó tẹ́ sí orí rẹ̀ bí agboòrùn. Òmíràn a máa ga tó mítà 20 sí 30. Ilẹ̀ oníyanrìn etí òkun ni ó fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n ó ń so pẹ̀lú nínú àgbàlá àwọn ilé tí ó jìnnà sí òkun. Láti ìgbà tí òdòdó rẹ̀ bá ti di èso, yóò tó nǹkan bí oṣù 12 kí èso náà tó gbó. Èèpo tí ó nípọn tí ó sì kún fún fọ́nrán ni ó wà lóde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìkaraun líle tí ó ní ojú mẹ́ta. Ara funfun tí a ń jẹ lẹ̀ mọ́ inú ìkaraun. Omi sì wà láàárín gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan nínú ojú mẹ́ta náà rọ̀ ju àwọn yòókù lọ, ibẹ̀ ni èhù rẹ̀ ń gbà jáde. Omi inú àgbọn kì í ṣe àdììtú rárá. Oúnjẹ ni igi náà pèsè sílẹ̀ de ọmọ rẹ̀ tí yóò hù. Nígbà tí èso náà ṣì kéré, omi a kún inú rẹ̀, ara funfun rẹ̀ a sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Bí ó ti ń gbó sí i ni ara funfun ń le, tí omi sì ń dín kù.

Àgbọn kì í ṣe igi ìbílẹ̀ wa. Ìwádìí lórí àbùdá àgbọn káàkiri ayé, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2011, fi hàn pé agbègbè méjì ni ènìyàn ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn: agbègbè Òkun Íńdíà àti agbègbè Òkun Pàsífíìkì. Ti Òkun Íńdíà ni ó bí èyí tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Lẹ́yìn tí Vasco da Gama, ọmọ ilẹ̀ Potogí, ti rin ìrìn-àjò dé Íńdíà, tí ó sì padà sílé ní ọdún 1499, ọkọ̀ àwọn Potogí kó àgbọn wá sí àwọn erékùṣù Cape Verde, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn dé etíkun tiwa. Ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, Àgbádárìgì ni àgbọn ti mú orúkọ jù lọ, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdàgbàsókè àgbọn. Ilé ìwádìí NIFOR tí ó wà lẹ́bàá ìlú Benin, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1939 nítorí ọ̀pẹ, ń ṣe ìwádìí lórí àgbọn pẹ̀lú. Àgbàdo tí a fi ń jẹ àgbọn kì í ṣe onílé bákan náà, nítorí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Nígbà tí ọmọ kan bá di méjèèjì mú ní Ẹnuwá, àlejò méjì tí wọ́n gba orí òkun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá ni ó pàdé ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Kí ni ó wà nínú ara funfun náà? Bí a bá wọn gíráàmù 100 nínú rẹ̀, nǹkan bí 47 jẹ́ omi, 33 jẹ́ ọ̀rá, 9 jẹ́ fọ́nrán tí kì í dà nínú, díẹ̀ ju 3 lọ sì jẹ́ èròjà amúaradàgbà. Agbára tí ìwọ̀n yìí ń fún ara tó kálórì 354. Ìdí nìyí tí ẹ̀là àgbọn díẹ̀ fi lè gbé ọmọ tí ó rin ọ̀nà jíjìn ró títí di àkókò oúnjẹ. Fọ́nrán inú rẹ̀ ń mú kí ìgbẹ́ rọ̀, kì í sì í jẹ́ kí ebi tètè padà dé. Síbẹ̀, èròjà tí ń mú ọmọ dàgbà kò pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi àgbàdo àti àgbọn nìkan ṣe oúnjẹ lójoojúmọ́ yóò yó, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ yóò ṣì máa bèèrè ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ewébẹ̀.

Omi rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Nínú ìdá 100 omi àgbọn, nǹkan bí 95 jẹ́ omi lásán. Ṣúgà díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò rárá. Èròjà pọ̀tásíọ̀mù, tí iṣan ara àti ọkàn ń lò láti ṣiṣẹ́, pọ̀ níbẹ̀. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí í ba ọpọlọ jẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, nígbà tí omi bá gbẹ lára ọmọ ní ọ̀sán gangan ni ọkàn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pa pọ̀ sórí ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kí a tún wo ilẹ̀ ibòmíràn. Ní Kerala, tí ó wà ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, àgbọn wà nínú oúnjẹ ojoojúmọ́, tọmọdé tàgbà ni ó sì ń mu omi rẹ̀. Nígbà tí a ka àwọn ènìyàn Íńdíà ní ọdún 2011, Kerala ni ó ní àwọn tí ó mọ̀wé jù lọ nínú gbogbo ìpínlẹ̀ ilẹ̀ náà, nǹkan bí 94 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí omi àgbọn bá ń sọ ọmọ di olódo ni, ibẹ̀ ni ìbá ti kọ́kọ́ hàn.

Ìgbàgbọ́ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ Yorùbá nìkan. Ní ọdún 1974 a tẹ ìwádìí kan jáde lórí èèwọ̀ oúnjẹ ní Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, a sì rí i níbẹ̀ pé wọ́n ń fi omi àgbọn du àwọn ọmọdé nítorí ìdí kan náà. Wọ́n tún ń fi ẹyin àti ẹran dù wọ́n, wọ́n ní yóò sọ wọ́n di olè. Ẹ ṣàkíyèsí pé ohun tí ó dùn, tí kì í sì í kárí ilé, ni gbogbo wọn. Ó ṣeé ṣe kí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀nà láti kọ́ ọmọ kí ó má ṣe jẹ́ ọ̀kánjúà. Ẹ̀kọ́ náà dára, ṣùgbọ́n ìdí tí a so mọ́ ọn kì í ṣe òtítọ́. Kò sì yẹ kí ọmọ tí ó ti mọ èyí wá máa fi àwọn òbí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn baba wa ní, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí ọmọ fi pẹ̀lẹ́ sọ ohun tí ó kọ́. Kí àgbà náà sì fi sùúrù gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tìtorí pé omi àgbọn dára sọ ọ́ di oògùn gbogbo àrùn. Ọmọ tí ó ń ṣu gbuuru nílò omi tí a fi iyọ̀ àti ṣúgà pò ní ìwọ̀n tí àwọn oníṣègùn là sílẹ̀. Iyọ̀ inú omi àgbọn kéré sí èyí tí ara rẹ̀ ń pàdánù. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa sì gbọ́dọ̀ bèèrè lọ́wọ́ dókítà kí ó tó mu ún, nítorí pọ̀tásíọ̀mù lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Nínú ilé ìdáná ni àgbọn ti ń dá oríṣiríṣi àrà. Àwọn kan ń gé e wẹ́wẹ́ sínú gàrí tí a rẹ sómi tútù. Àwọn mìíràn ń fi jẹ gúgúrú. Bí a bá rin ín, tí a da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, tí a fún un, tí a sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ, omi funfun tí yóò jáde ni à ń pè ní wàrà àgbọn. Ìyàwó ilé tí ó bá fi wàrà yìí se ìrẹsì dípò apá kan omi rẹ̀ yóò rí i pé òórùn rẹ̀ yóò pe ará ilé jọ kí ó tó bù ú. Ní Èkó, àwọn Àgùdà, èyíinì ni àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti àwọn ọmọ wọn tí wọ́n padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, mú oúnjẹ kan wá tí à ń pè ní frejon. Wọ́n a se ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀, wọ́n a lọ̀ ọ́, wọ́n a sì fi wàrà àgbọn sè é títí yóò fi kì. Ọbẹ̀ ẹja ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì tí ó ṣáájú ọdún Àjíǹde. Orúkọ náà wá láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn Potogí ń pe ẹ̀wà. Ìpápánu kò gbẹ́yìn: àgbọn rínrin wà nínú gúrúdì tí a fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ṣe, wàrà àgbọn àti ṣúgà tí a sè títí ó fi dúdú ni ó sì ń di bàbá dúdú tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn.

Wàrà náà ni a fi ń ṣe òróró àgbọn, tí àwọn mìíràn ń pè ní àdín àgbọn. A óò gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì, a óò ré ọ̀rá tí ó léfòó, a óò sì gbé e ka iná pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí a máa rò ó títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ tí òróró yóò sì yọ. Ó dára fún irun àti awọ ara, ó sì dára fún dídín nǹkan. Ṣùgbọ́n ju ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ lọ jẹ́ irú ọ̀rá tí ń dì nígbà òtútù, èyí tí ó lè mú kí ọ̀rá burúkú pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń ni ọkàn lára. Ìwọ̀nba ni kí a máa lò ó.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra àgbọn, kí ó gbé e wò bóyá ó wúwo, kí ó sì mì í kí ó gbọ́ bí omi rẹ̀ ti ń dún. Kí ó wo ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta; bí wọ́n bá tutù tàbí bí wọ́n bá hu olú, kí ó gbé e sílẹ̀. Kí ó fọ ìkaraun kí ó tó fọ́ ọ, kí ìdọ̀tí má baà bá ọ̀bẹ wọlé. Kí ó mu omi rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá kan, kí ó dà á nù. Ẹ̀là tí eṣinṣin ti bà lé kò yẹ ní jíjẹ láìfọ̀.

Ìlera ni oògùn ọrọ̀, ìmọ̀ sì ni olùṣọ́ ìlera. Ẹni tí ó mọ ohun tí ń bẹ nínú oúnjẹ rẹ̀ kì yóò fi ìbẹ̀rù da èyí tí ó dára nù, kì yóò sì fi ojúkòkòrò jẹ èyí tí ó pọ̀ jù.

ÌDÁNRAWÒ

1. Kí ni ìdí tí ọmọ ilé-ìwé fi kọ omi àgbọn ní Ẹnuwá?
2. Báwo ni àgbọn ṣe dé etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà?
3. Ẹ̀rí wo ni a mú láti Kerala? Ǹjẹ́ ẹ̀rí náà tẹ́ ọ lọ́rùn? Sọ ìdí rẹ.
4. Ta ni kò gbọdọ̀ mu omi àgbọn láìbèèrè lọ́wọ́ dókítà, kí sì ni ìdí rẹ̀?
5. Lo ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú gbólóhùn kí ìyàtọ̀ ìtumọ̀ wọn lè hàn: àgbọn, agbọ̀n, àgbọ̀n, agbọ́n.
6. Kọ àròkọ lórí ìgbàgbọ́ mìíràn tí àwọn ènìyàn àdúgbò rẹ ní nípa oúnjẹ, kí o sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òtítọ́ ni.